Òkú Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Sùlíyá

Yàrá kan àti pálọ̀ ni Sùlíyá àti Nùréènì jọ ń gbé ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni Sùlíyá ti ń ṣiṣẹ́. Nùréènì ti fìgbà kan wà nílé-iṣẹ́ ọ̀rá, ariwo ẹ̀rọ sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́, débi pé ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pariwo. Wọn ò bímọ, wọn ò so yìgì. "Obìnrin Èkó yẹn" làwọn ẹbí Nùréènì ń pe Sùlíyá.

Nùréènì kú lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n dì í láṣọ funfun, Teslim, ọmọkùnrin tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún un, gbé ọkọ̀ kan wá. Itẹ́ òkú Agége ló fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí Hàmdálàt, ẹ̀gbọ́n Nùréènì, fi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó kún fún ẹbí.

"Ẹ̀yìn ilé bàbá wa la gbẹ́ ilẹ̀ sí," ni Hàmdálàt wí.

"Ẹ má bínú, Màmá. Agége là ń sin wọ́n sí."

"Èmi lò ń bá jiyàn? Ta ló bí ẹ?"

"Àbúrò yín ni!"

Ìjà dé. Àwọn kan di etí ẹní tí wọ́n fẹ́ fi ká òkú mú lápá ọ̀tún, àwọn kan dì í mú lápá òsì, ẹní ya sí méjì. Ọ̀rọ̀ náà sú dírẹ́bà ọkọ̀ tí Teslim gbé wá. Ó pòṣé, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbà, ó wa ọkọ̀ lọ.

"Wọ́n ti jí òkú gbé o!" Hàmdálàt figbe ta.

Gbogbo wọn rọ́ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbá tẹ̀lé e. Teslim náà fò sínú kẹ̀kẹ́, ó ń lé ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ háyà. Àní Àlùfáà tó wá ṣàdúà fún òkú pàápàá ká ẹ̀wù sókè, ó sá tẹ̀lé wọn.

Ilé dá. Láti àárọ̀, wọn ò jẹ́ kí Sùlíyá sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wọ pálọ̀ tí òkú ṣì wà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti lọ o," ó fi ohùn òkè tó mọ́ ọn lára sọ ọ́. "Wọ́n ní wọ́n ti jí yín gbé."

Ẹ̀rín pa á. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì dá mọ́.

Ọ̀nà Ìjú ni wọ́n ti bá ọkọ̀ náà. Táyà ìpààrọ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Àlùfáà ní àkókò Jímọ̀ ti tó, kí wọ́n sin ín sí Agége. Kò sẹ́ni tó janpata. Àwọn ọkùnrin gbé e lọ, wọ́n ní kí obìnrin dúró sílé.

Kí Hàmdálàt tó wọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó bi Sùlíyá pé, "Ìgbà wo lo máa kó jáde níbí?"

"Èmi ni mo gba ilé yìí, Màmá."

Hàmdálàt yíjú padà, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sùlíyá pe Teslim títí lórí fóònù kó lè mọ sàréè tó jẹ́ ti Nùréènì, kò gbé e. Ó lọ sí Agége fúnra rẹ̀.

"Mẹ́ta la sin lọ́jọ́ yẹn," ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè níbẹ̀ sọ fún un. "Mi ò mọ èwo ni tiyín. Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi ni."

Ó ṣe àdúà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.