Àìsàn Tí A Pè Ní Ìwàkíwà

Àbúrò mi ọkùnrin máa ń fín igbá. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti bí wa, iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Ó lè fi ọ̀bẹ fa ẹyẹ sára igbá láìkọ́kọ́ sàmì sí i, kí ẹyẹ náà sì jọ èyí tó fẹ́ fò. Àwọn olùkọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń mú àlejò wá síbi tó ń jókòó sí níwájú ilé wa, wọn a dúró tì í, wọn a máa wò ó bí ẹni ń wòran. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bá rò ó báyìí, mo máa ń rí i pé ìyìn yẹn ti wúwo jù fún un.

Ààfáà ni bàbá wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọtí wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, yóò kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Àwa náà tan ara wa jẹ fún ìgbà pípẹ́. Bí àbúrò mi bá wọlé tí ojú rẹ̀ pọ́n, a ó ní kò rí oorun sùn ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn fún ògógóró, a ó ní àgbo ibà ló mu. Igbó tó ń fà pẹ̀lú àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyẹn rárá.

Mo ti wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ìyàwó àbúrò mi ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi lọ́jọ́ kan tí mo wá kí wọn nílé, lásìkò tí gbogbo ìlú ń ráhùn nítorí sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n. A jọ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ní ọkọ òun kò mu ọtí fún ìgbádùn mọ́. Ó ní bó bá jí láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Àfi tó bá gbé díẹ̀ mì kí ọwọ́ náà tó rọlẹ̀, kí ó tó lè mú ọ̀bẹ. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ṣe sọ ọ́, kò sunkún. Ó dà bíi pé ó ti sun gbogbo ẹkún rẹ̀ tán kí n tó dé.

Ìyá onígbàgbọ́ kan wà ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n. Ìyá yìí sọ pé àìsàn ni, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, kí n tètè mú un wá. Mo padà sí Ọ̀yọ́ lọ sọ fún bàbá wa. Bàbá gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí bóyá ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ni ọmọ ààfáà yóò ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọtí sílẹ̀. Wọ́n ní èyí kì í ṣe àìsàn, ìwàkíwà ni, àdúrà àti ìbáwí ló sì ń wo ìwàkíwà. Wọ́n kọ àdúrà sí wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n gbé omi náà fún un. Àbúrò mi kúnlẹ̀ gbà á, ó mu ún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tún gba gáréèjì lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá wa tì í mọ́ yàrá. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún un, àwọn ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ké Kùránì sí i létí. Wọ́n gbà pé bí ọtí bá ti kúrò lára rẹ̀, ọmọ àwọn yóò padà wá. Ó kọ́kọ́ ń làágùn, ó sì ń bì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èèrà kúrò lára ògiri tí kò sí èèrà kankan. Ìyàwó rẹ̀ bẹ bàbá pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí ó ní sùúrù, pé ṣàítáánì ló ń jáde bọ̀.

Mo wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ tí gìrì gbé e. A gbọ́ tó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí sókè, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbi tó ti gé ahọ́n jẹ. Bàbá wa dúró tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo sáré jáde lọ wá tákísí. Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọn kò sì wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Onísùúrù èèyàn ni dókítà tó gbà wá. Ó fún àbúrò mi lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó ní kí ó dá ọtí dúró lójijì.

"Èmi ni," ni bàbá wa wí.

"Ẹ kò mọ̀ ni, bàbá. Ara tí ọtí ti mọ́ lára tó báyìí, a kì í já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú oògùn. Èyí tí ẹ ṣe yẹn ì bá pa á."

Bàbá béèrè ibi tí àwọn ti lè kírun. Nọ́ọ̀sì kan bu omi sí búútà fún wọn, ó sì fi ìhà ìlà-oòrùn hàn wọ́n lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Wọ́n pẹ́ gan-an ní ìforíkanlẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwòsàn dá àbúrò mi sílẹ̀, wọ́n ní kí ó má tíì padà sí Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń lọ síbi tí ìyá nọ́ọ̀sì ti ń kó àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ jọ lábẹ́ igi máńgòrò. Tíṣà kan wà nínú wọn, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ará ilé bá a wá lọ́jọ́ kan, mo sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó gbé e dé ìdí ọtí, ohun tí kò sọ fún wa rí.

"Ẹ̀rù ni," ló wí. "Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lára igbá, kò ní àtúnṣe. Gbogbo ayé sì ń sọ pé èmi kì í ṣì í. Ìgbà tí mo bá mu díẹ̀ nìkan ni n kì í gbọ́ ohùn wọn."

Ilé kan náà la jọ dàgbà, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í rí.

Iléyá ló bà á jẹ́. Àhesọ ti gba àdúgbò pé ọmọ ààfáà ti di onígbàgbọ́, bàbá wa sì wá mú un kí ó lè fara hàn ní yídì. Ìyá nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mulẹ̀ díẹ̀ sí i. Bàbá dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mú ọmọ wọn lọ. Ó wọ aṣọ funfun, ó kírun láàárín àwọn èèyàn, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ wá kí i káàbọ̀. Kí ẹran iléyá tó tán nínú ìkòkò, ó ti padà sídìí ọtí. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní ó ti rẹ òun ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àbúrò mi fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti rù, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

"Ẹ mú mi padà lọ síbẹ̀," ló wí. "Ẹ má tíì sọ fún wọn nílé."

Ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sá. Nígbà tó parí, ìyá nọ́ọ̀sì bá a wá àyè lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí wọn kan tó ń dá oko iṣu ní Ìkòyí-Ilé. Ó gbìyànjú láti fín igbá níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà mọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì mú ọkọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ní kí n lọ pe àbúrò mi wá.

"Má pè é," ni bàbá wí. "Mo mú un wálé nígbà kan tí ara rẹ̀ kò tíì le, o sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí ó dúró síbi tí ara rẹ̀ ti yá."

A gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Bàbá kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a sì sin wọ́n lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ọjọ́ kejì ló tó dé, ọkọ̀ oníṣu ló wọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó gbójú sókè wò mí.

"Ẹ ò pè mí."

Mo sọ ohun tí bàbá wí fún un. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

"Mo ti lè wá nígbà náà," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ti mulẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ò bi mí."

Ó dúró ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó sì padà sí Ìkòyí-Ilé. Ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ìyàwó rẹ̀ kò padà wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa ń lọ kí i. Èmi náà máa ń lọ. A máa ń sọ̀rọ̀ òjò, a máa ń sọ̀rọ̀ iṣu, a máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ bàbá wa kò tíì wáyé láàárín wa láti ọjọ́ náà.