Sẹ́mò inú Ike Áísìkiriìmù

Bí o bá gba pápákọ̀ òfurufú Dublin kọjá, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé o lè ka eyín rẹ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ Fẹ́yìsayọ̀ ló kàn án. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú, ayára-bí-àṣá, tí kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ í sọ. Bó bá kí ọ “ẹ kú iṣẹ́” ní ẹnu ọ̀nà kan, ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà kejì ni yóò dáhùn. Ọdún 2001 ló dé Ireland, tó wá tọrọ ibi ìsádi. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde, ọmọ sì pẹ́ ju ìwé lọ. Nígbà tí ọmọ náà wá dé, ó sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìdí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí Fẹ́yìsayọ̀ ṣe fẹ́ràn yín tó, àwo tó bá gbé síwájú yín ni kí ẹ wò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu sọ ìfẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bù ú ló mọ̀. Á jókòó sí ọ̀kánkán ọmọ rẹ̀, á máa wò ó títí ìsàlẹ̀ àwo yóò fi hàn. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ó sì ti pinnu pé ebi kò ní í wọ ilé òun ní Huntstown láé. Sẹ́mò ló máa ń rò fún Ìmọ́lẹ̀ jù, èyí tó jọ̀lọ̀, tí o kò lè rí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ó ní àṣà kan tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá ti ra ìyẹ̀fun dé láti ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú ní Blanchardstown, á dà á sínú ike áísìkiriìmù tó ti ṣófo, á dé e pinpin, á sì ju ọ̀rá rẹ̀ nù. Ní Ìbàdàn, nítorí kòkòrò ni ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí kòkòrò kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù Huntstown, èyí tí Ìmọ́lẹ̀ ń pè ní press bí àwọn ọmọ Dublin yòókù, ṣùgbọ́n àṣà kì í béèrè bóyá ìlú ti yí padà. Gàrí wà nínú ike kan, èlùbọ́ nínú òmíràn, sẹ́mò nínú èyí tó tóbi jù. Nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó tíì ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ìyẹ̀fun rí.

Nígbà tí Ìmọ́lẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ikùn rẹ̀ á wú lẹ́yìn oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ bí àgbàlagbà. Fẹ́yìsayọ̀ fún un ní oògùn aràn, ó gbààwẹ̀, ó tún bu oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó yá ni dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, tí wọ́n sì fún un ní oògùn oorun ní ọsibítù, tí wọ́n ki ẹ̀rọ ayàwòrán tín-ín-rín gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti wo ìfun rẹ̀. Síílíákì ni wọ́n pe àìsàn náà. Wọ́n ṣàlàyé pé nǹkan kan tó ń jẹ́ glúténì wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì, pé bí ẹni tó ní síílíákì bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á gbógun tì í, á sì máa ṣe ìfun ara rẹ̀ léṣe, tí oúnjẹ kò fi ní í ṣe é lóore mọ́. Kò ní oògùn. Kí ó má fi ẹnu kan glúténì mọ́ láé ni ìtọ́jú rẹ̀, àní ẹ̀rúnrún búrẹ́dì pàápàá.

Fẹ́yìsayọ̀ kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Búrẹ́dì tí gbogbo ayé fi ń mu tíì? Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù, ọlọ́yàyà èèyàn, kọ́ wọn láti máa ka ara páálí oúnjẹ, ó ní lẹ́tà dúdú kirikiri ni wọ́n fi ń kọ àlìkámà síbẹ̀. Ó béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ. Fẹ́yìsayọ̀ ka búrẹ́dì, pásítà, bisikíìtì àti ìrẹsì, ó sì fi kún un pé àwọn tún ń jẹ oúnjẹ tiwa-n-tiwa. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò béèrè èwo nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, kò sì sẹ́ni tó fura.

Nígbà tí wọ́n délé, Fẹ́yìsayọ̀ kó gbogbo búrẹ́dì dànù, ó ra ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àyàfi Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì aláìní-glúténì rẹ̀. Sẹ́mò tí ọmọ náà ń jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ wá di ojoojúmọ́. Láti kékeré ni Fẹ́yìsayọ̀ ti gbà pé àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe sẹ́mò. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn mọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́ wọn, àwọn yẹn gan-an ló sì máa ń ṣe ni léṣe.

Oṣù mẹ́rin kọjá, ara Ìmọ́lẹ̀ kò yá. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì sì fi hàn pé ó jọ pé ó ṣì ń rí glúténì jẹ níbì kan. Fẹ́yìsayọ̀ wo kíṣìnì rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ jáde, ó sì dájọ́ pé níta ló ti ń jẹ ẹ́. Ọkọ rẹ̀, Olúníyì, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Swords, ní kó rọra, kò gbọ́.

“I'm not eating anything, Mam,” ni Ìmọ́lẹ̀ ń wí pẹ̀lú ẹkún. “I swear.”

Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Pásítọ̀ Ládiípọ̀ pe àwọn tó fẹ́ àdúrà, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ jáde, ó gba makirofóònù, ó sì bẹ gbogbo ìjọ kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún ọmọ òun tó ń jẹ ìjẹkújẹ ní kọ̀rọ̀, tó sì ń purọ́ bò ó. Ohùn rẹ̀ yẹn náà ni o. Bí kò bá sí makirofóònù pàápàá, àwọn tó wà níbi ìgbọ́kọ̀sí ìbá gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń wo bàtà rẹ̀ títí àdúrà fi parí. Láti ọjọ́ náà, kò bá ìyá rẹ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Síbẹ̀, ó ń jẹ sẹ́mò rẹ̀ tán lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, sẹ́mò tún tán nínú ike, Fẹ́yìsayọ̀ sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ ní ọ̀sán Sátidé. Ó ti ki ọ̀rá sẹ́mò tuntun bọ abíyá kó tó wọ jígí rẹ̀, tó ń ka ara páálí magí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan lára magí. Bó ṣe fẹ́ bọ́ jígí ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sára ọ̀rá tó wà ní abíyá rẹ̀. Lẹ́tà dúdú kirikiri ni wọ́n fi kọ ọ́: WHEAT. Ó nu jígí, ó tún kà á. Ó wá fohùn jẹ́jẹ́, ohun tí kò ṣe rí, bi Goodluck tó ni ṣọ́ọ̀bù pé ṣebí àgbàdo ni sẹ́mò.

“Mama, semo na wheat,” ni Goodluck wí. “Na so e dey since.”

Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ó lé ní oṣù mẹ́rin. Ọwọ́ òun ló rò ó, ọwọ́ òun ló bù ú, ojú òun ló sì ń ṣọ́ ọmọ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ó dùn ún débi pé ẹkún kò wá.

Ó lè parí ọ̀rọ̀ náà sínú ilé. Ọ̀pọ̀ òbí wa ni kì í bẹ ọmọ. Ẹran ni wọ́n máa ń fi kún oúnjẹ rẹ̀, ọmọ á sì mọ̀ pé wọ́n ti bẹ òun. Fẹ́yìsayọ̀ rò ó bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ti yọ ẹran adìyẹ méjì jáde nínú fíríìsà. Ó tún dá wọn padà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí òun sì ti fi makirofóònù sọ, ẹran kò lè pa á rẹ́.

Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jáde tòun ti ọ̀rá sẹ́mò lábẹ́ apá. Àwọn èèyàn rò pé ìwòsàn ti dé, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́,” ni ó wí. “Ibí yìí ni mo dúró sí tí mo pe ọmọ mi ní òpùrọ́. Kò purọ́. Àlìkámà ni sẹ́mò yìí, èmi ni mo sì ń rò ó fún un. Ó ń sọ òtítọ́ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ délé kí ẹ ka ara ọ̀rá oúnjẹ yín.” Ó wá kọjú sí ìlà tí àwọn ọmọ jókòó sí. “Ìmọ́lẹ̀, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

Kò sẹ́ni tó ké halelúyà. Ìmọ́lẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Lẹ́yìn ìsìn, Sister Priscilla tó ń darí akọrin fa Fẹ́yìsayọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọdún kejì rèé tí inú ti ń run ọmọkùnrin òun, tí òun sì ń tì í sọ́rùn àwọn ọ̀tá. Fẹ́yìsayọ̀ ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tíì dá búrẹ́dì rẹ̀ dúró kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí èsì má bàa tàn wọ́n jẹ.

Nígbà tí wọ́n délé, ó da sẹ́mò inú ọ̀rá náà nù, ó sì sọ ọmọrogùn onígi tó fi ń rò ó tẹ̀ lé e, nítorí igi máa ń fa ìyẹ̀fun mọ́ra. Ibi tó ti ń fọ ike ni Ìmọ́lẹ̀ ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

“Mam,” ni ó wí, “I never even liked semo.”

Fẹ́yìsayọ̀ yíjú padà. “Kí ló wá dé tó o fi ń jẹ ẹ́ tán?”

Ọmọ náà gbé èjìká sókè. “You'd be sitting there looking at me. You looked so happy, like.”

Ẹkún tí kò wá ní ṣọ́ọ̀bù wá dé wàyí. Ìmọ́lẹ̀ wọlé wá, ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó ń wí fún un pé ó ti tán, pé everything's grand. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀ fi etí ìró nu ojú, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń wo àwọn ike rẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí kò bi ọmọ náà rí láti ọjọ́ tó ti bí i.

“Kí lo fẹ́ jẹ?”

Ìrẹsì ni Ìmọ́lẹ̀ fẹ́. Nígbà tó jinná, Fẹ́yìsayọ̀ bù ú sínú àwo méjì, ó jókòó sí ọ̀kánkán ọmọ rẹ̀, ó ń jẹ tirẹ̀, ó sì ń gbìyànjú gidigidi láti má wo àwo ọmọ náà.