Ohùn Abẹ́ Àga Píkọ́ọ̀pù

Òórùn wáyà tó ń jó ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi tí mo bá rántí ìgbà yẹn. Àdúgbò Ẹ̀gàn l'Ékòó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lọ́nà Ìgàndò, iṣẹ́ iná ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ríwáyà ni mo sì ń ṣe. N kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ mo ti gbà pé kò sí ọkọ̀ tó lè parọ́ fún mi. Ẹnu mi mú jàre.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé píkọ́ọ̀pù olóògbé ọkọ rẹ̀ wá. Ó ti ṣe opó tán, ó wá ń fi ọkọ̀ náà kiri búrẹ́dì dé Gowon Estate bí ọkùnrin náà ti ń ṣe. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, bátìrì á ti kú fin-ín, àwọn aládùúgbò ló ń bá a tì í. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, àfi ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Ó ní tí òun bá kírun àsùbáà tán tí òun dúró ti ọkọ̀ náà, òun máa ń gbọ́ ohùn ọkọ òun nínú rẹ̀, á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bátìrì á fi kú. Kò ní ohùn rẹ̀ níbòmíràn, fóònù rẹ̀ ti sọnù.

"Ẹ bá mi tún un ṣe, ọ̀gá ríwáyà," ló wí. "Àmọ́ tí ẹ bá rí ohùn yẹn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ó tún sọ pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ òun bá dé, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀, á sì pa á dé. Ẹni tó lórí pípé á ti mọ̀ pé wáyà orí bátìrì ni ọkùnrin náà ń yọ, pé nǹkan kan ń mu iná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ọkọ̀. Èmi ò gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì ni mo ń dá lẹ́bi ṣáá. Nígbà tó lọ, mo jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ọ̀sán gangan ni o, síbẹ̀ ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ìdí mi. Orí mi wú. Mo sáré bọ́ sílẹ̀, mo parọ́ fún ara mi pé rédíò ẹnìkan ládùúgbò ni.

Àwa ríwáyà ní bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń ṣáàjì: a ó sítáàtì rẹ̀, a ó yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá kú, kò ṣáàjì nìyẹn. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, kò sì sọ fún mi pé iná lè ru lójijì kó jó ohun tó bá bá pàdé. Mo yọ ọ́. Ọkọ̀ ò kú. Gbogbo iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, ohùn ọkùnrin kan sì bú jáde lábẹ́ àga: "Búrẹ́dì gbígbóná ti dé o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Ṣé ó ti ká ohùn mi sílẹ̀?" Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, èéfín jáde.

Mo ṣí abẹ́ àga. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń polówó ọjà ni, tí wáyà rẹ̀ lọ tààrà sí bátìrì. Sípíkà orí ọkọ̀ ti já, sípíkà kékeré inú rẹ̀ nìkan ló kù, ìyẹn ni ohùn náà fi rẹlẹ̀. Tọ̀sán tòru ni olóògbé ń kiri búrẹ́dì lábẹ́ àga. Ẹ̀rọ náà ti jóná, òun àti mẹ́mórì inú rẹ̀ tí ohùn náà wà.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá náà. Kò pariwo. Ó jókòó sórí táyà kan, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́." Mo sọ ọ́, tòun ti ẹ̀rín ọkùnrin náà. Nígbà tí mo dé ibi tó ti béèrè bóyá ó ti ká ohùn òun sílẹ̀, obìnrin náà dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

"Ó ti ká a, Bàbá."

Òun ló di ẹ̀rọ náà mú lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà ń sítáàtì ní gbogbo àárọ̀ báyìí. N kì í yọ orí bátìrì ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì ṣì máa ń yà, á jókòó, n ó sì tún un sọ. Èmi tí n kò fojú kan ọkùnrin náà rí, ẹ̀rín rẹ̀ ni mo ń rín báyìí, n kò rántí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ mọ́.