Ooru Abẹ́ Ilé Ogdoo

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan rèé, kí gbogbo ènìyàn farabalẹ̀ gbọ́ ọ: tí Ogdoo bá ń mu tíì, orí àga ló ń ká ẹsẹ̀ méjèèjì sí. Kì í ṣe ìgbéraga. Ilé rẹ̀, bíi gbogbo ilé abúlé náà létí odò Lena nílẹ̀ yìnyín, orí òpó igi ló wà, òtútù sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì gbagidi látayébáyé. Tí ooru ilé bá fi lè kàn án, ẹrẹ̀ ló ń dà.

Keskil, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ìlú ńlá wálé, tó rí orúnkún ìyá rẹ̀ tó wú, àánú ṣe é. Kó tó padà, ó ti kan pákó yí abẹ́ ilé ká, ó sì fi èérún igi dí gbogbo ihò.

Lọ́dún yẹn, Ogdoo ń fi ìbọ̀sẹ̀ lásán rìn nínú ilé bí ìyàwó olówó.

Nígbà tí òtútù lọ, ilẹ̀kùn kọ̀, kò padé mọ́. Igun tí ààrò wà ti ń rì. Bahylay, aládùúgbò rẹ̀, wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé yín ń kúnlẹ̀ kí wa."

"Ó kúkú lẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ tó o dé, o ò tíì kí mi."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n tú pákó yẹn. Ooru ààrò yín ló ń yọ́ ilẹ̀."

"Ọmọ mi ló kàn án."

Bahylay bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí ògiri lanu tó gba ọwọ́ ni Ogdoo tó ní kí Bahylay máa tú pákó náà. Òtútù padà sábẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ilé ò dìde. Bahylay ní ẹrẹ̀ tó ti jìn tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè dì. Ilé náà ṣì lè máa lọ sísàlẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni Keskil ń pè, ohun kan náà ló sì ń bèèrè. Ogdoo ò tíì sọ fún un pé ilé ń rì, pé wọ́n sì ti tú pákó rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Màmá, ṣé ilẹ̀ ilé yín ṣì ń gbóná? Mo fẹ́ lọ bá ìyá ìyàwó mi kan pákó yí abẹ́ ilé tiẹ̀ náà ká lọ́la."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, kí lẹ máa sọ fún un?