Aago Tó Ń Sáré ní Tábìlì Kẹta

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni Bọ̀ọ̀dá Aláago ṣì jẹ yunifásítì lórí owó láàbù físíìsì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kó san án tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní ka máàkì rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Àárọ̀ ló fi ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Ọ̀sán ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ọmọ tó tó bí, tí wọ́n sì ń pè é ní bọ̀ọ̀dá.

Lésìí, ó féèlì láàbù yìí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: wákàtí mẹ́ta lórí ìdúró lọ́sẹ̀, torí àga ò tó, ìjábọ̀ ojú ewé mẹ́wàá tí wọ́n ń fọwọ́ kọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko. Yúníìtì kan péré ni gbogbo rẹ̀. Aago mẹ́rin ni ì bá ti tún ṣe láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn.

Ìdánwò ìkẹyìn ló kù wàyí, máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló sì nílò kó tó lè yege. Wọ́n á so irin róbótó kan mọ́ òwú, wọ́n á fì í nígbà ogún, wọ́n á fi aago kékeré ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, wọ́n á ya gíráàfù, wọ́n á wá ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó. Ìdáhùn wà nínú gbogbo ìwé: 9.8. Àwọn márùn-ún ló wà ní tábìlì kẹta, Bọ̀ọ̀dá jẹ́ ọ̀kan, aago kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Èsì, ti kọ ìdáhùn tiẹ̀ kí wọ́n tó so òwú.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Ẹ ṣírò ẹ̀ padà sẹ́yìn láti 9.8, gbogbo nọ́ńbà á bọ́ sí àyè ẹ̀.”

“Kí la wá so irin rọ̀ fún?”

“Kí Bàbá Láàbù lè rí i pé a so ó rọ̀ ni.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá so irin tiẹ̀ rọ̀, ó fì í nígbà ogún. 9.1 ló jáde. Ó tún fì í, 9.1 náà ni. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì kù díẹ̀ kó kọ 9.8 kó máa lọ. Ló bá gbé aago náà sí etí. Dídún rẹ̀ ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé e ti aago ọwọ́ tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún: ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá sáré jù. Ó kọ 9.1 sílẹ̀, ó kọ iye tí aago fi ń sáré sábẹ́ rẹ̀, àti pé bí èèyàn bá yọ ọ́ kúrò, yóò di 9.8.

“Ọdún tó ń bọ̀ la tún máa jọ pàdé níbí nìyẹn,” ni Ọ̀gá Èsì wí. “Èmi á kàn wá kí yín ni o.”

Bàbá Láàbù, tó ti ń bójú tó yàrá náà láti ọdún mẹ́rìnlá, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Ta ló ní kó o yẹ aago wò?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Iṣẹ́ mi ni.”

Bàbá fi aago náà wé ti ara ògiri fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá náà lòun náà rí. Ó rọra jókòó.

“Láti ọdún mẹ́rìnlá, 9.8 ni gbogbo ìwé tó ń ti tábìlì yìí wá. Mo ṣebí aago tó dáa jù lọ́wọ́ mi nìyí.”

Ọ̀gá Èsì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá pẹ́ńsù tí kò jábọ́.

“Èló lo máa gbà tún un ṣe?” ni Bàbá bi Bọ̀ọ̀dá.

“Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, sà.”

“Ó dọdún mẹ́fà tí mo ti kọ̀wé béèrè owó àtúnṣe. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.” Àpò ara rẹ̀ ló ki ọwọ́ bọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bọ̀ọ̀dá dá aago náà padà, ó ń lọ geere. Ó ti fi ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ kún ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ tí Bàbá san, owó tó fẹ́ fi ra bátìrì sí ṣọ́ọ̀bù, ó tò fún wákàtí méjì níwájú akápò, ó sì gba rìsíìtì. Bàbá wo rìsíìtì náà, ó wá ṣí ìwé máàkì hàn án. Mẹ́fà ni.

“Mẹ́jọ ni ì bá jẹ́,” ni Bàbá wí. “Bírò lo fi ya gíráàfù, pẹ́ńsù la fi ń yà á.”

Bọ̀ọ̀dá ká rìsíìtì náà sínú àpò. Ó wá àga yíká, kò rí. Ó fara ti ògiri díẹ̀ kó tó padà sí ṣọ́ọ̀bù.