Gbígbẹ Kọ́ Ni Líle

Àwọn ará Jamestown ní Accra ń pe Àmúdà ní bíríkìlà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í pè ni. Bíríkìlà ni ẹni tí ń to búlọ́ọ̀kù. Ẹni tí ń dà á ni Àmúdà. Búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi orí rù. Ọ̀kan ṣoṣo ga tó àyà ọkùnrin. Irin wà nínú rẹ̀ bí eegun ti wà nínú ẹran, ìkọ́ méjì sì yọ lórí rẹ̀ tí kéréènì fi ń gbé e. Etí òkun ni wọ́n ń tò wọ́n sí, kí omi má baà máa jẹ ilẹ̀ wọlé wá bá àwọn ènìyàn.

Accra ni wọ́n bí Àmúdà sí. Ọ̀fà ni baba rẹ̀ ti wá. Ó ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjà Tudu títí ó fi rí owó kọ́ ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́rin sí orí òkè tí ó kọjú sí òkun. Nígbà tí baba kú, ilé náà ku Àmúdà àti Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni Àwẹ̀ró bí. Àmúdà nìkan ni ó yè. Iwájú ilé náà, ní ìhà òkun, lábẹ́ igi àgbọn kan, ni wọ́n sin ibi ọmọ àwọn márààrún sí. Ní ti àwọn mẹ́rin tí ó kú, ìtẹ́ òkú ìlú ni wọ́n gbé wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ó tún lè dá ojú oórì wọn mọ̀. Abẹ́ igi àgbọn yẹn nìkan ni ìyá náà lè nàka sí pé àwọn ọmọ òun nìyí.

Nígbà tí Àmúdà wà ní kékeré, ogójì ìṣísẹ̀ ni ó wà láàárín igi náà àti bèbè òkè. Lọ́dún tí Ghana gba òmìnira, ó ku mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ku méje. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró máa ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà.

Ìdí nìyí tí Àmúdà fi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan dé láti mọ ògiri etí òkun. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un, tí ó dì mú bí ẹni di àdúrà mú: kọnkéré kì í gbẹ, líle ni í le, omi ni ó sì ń mu kí ó tó le. Bí omi bá tán lára rẹ̀ láìtọ́jọ́, inú rẹ̀ yóò kú. Nítorí náà, bí Àmúdà bá ti da búlọ́ọ̀kù, yóò fi ìṣó kọ ọjọ́ tí ó dà á sí i lórí, yóò fi àpò kòkó bò ó, yóò sì máa bu omi ẹ̀rọ lé e láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n yóò fi pé.

Yàkúbù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, fẹ́ràn láti máa bá a dápàárá.

"Àmúdà, ṣé ó ti gbẹ?"

"Aṣọ ni í gbẹ, ẹ̀gbọ́n. Ẹja tí obìnrin yẹn ń yan lọ́hùn-ún ni í gbẹ. Kọnkéré, líle ni í le."

"Ẹ má bínú, tíṣà. Ṣé ó ti le?"

"Kò tíì le."

Apá ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ògiri náà, tí wọ́n ń tò ó bọ̀ sí apá ilé Àmúdà. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kejìlá oṣù Èbìbí ọdún 1959, Yàkúbù pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Sátidé ni kéréènì ń lọ sí Tema, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté, wọn ò sì sọ ìgbà tí yóò padà. Iwájú ilé yín nìkan ni ó kù. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó wà nílẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ti gbẹ ní ọjọ́ Jímọ̀, a ó tò wọ́n. Bí wọn ò bá gbẹ, ó di ìgbà tí Tema bá rántí wa."

Ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni Àmúdà da àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí ó délé, ìyá rẹ̀ kò kí i káàbọ̀. "Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni mo kà láàárọ̀ yìí," ni ó wí.

"Ṣé ẹ kà á dáadáa, Màámi?"

"Ìwọ ni yóò wá kọ́ mi ní oókan, eéjì báyìí?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àmúdà ká àwọn àpò kòkó kúrò, kò sì bu omi sí wọn mọ́. Oòrùn mú. Nígbà tí ó fi di Jímọ̀, gbogbo búlọ́ọ̀kù náà ti funfun bí ẹfun. Ó fi òòlù kan ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ó bá ti le máa ń dún bí agogo. Èyí dáhùn bí ògiri alámọ̀.

Yàkúbù dé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé búlọ́ọ̀kù náà, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó béèrè.

"Tíṣà, ṣé ó ti gbẹ?"

Àmúdà wo ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí i. Ọjọ́ mọ́kànlá péré.

"Ó ti gbẹ."

Ẹ̀rín Yàkúbù rọ. "O ò bá mi wí lónìí."

"Ó ti gbẹ, ẹ̀gbọ́n."

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí gan-an, kò purọ́. Búlọ́ọ̀kù náà gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tí kò yẹ, ohun tí ó ṣe burú ju irọ́ lọ.

Nígbà tí kéréènì gbé ẹ̀kẹta, nǹkan kan dún pà nídìí ìkọ́ rẹ̀, ìlà kan sì là níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí. Wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀ náà. Kí àkókò ìrun Àlàásárì tó pé, wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ tán. Àwẹ̀ró jáde wá jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ń ṣe àdúrà pé bí Àmúdà ti dáàbò bo òun, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí Àmúdà bá bí yóò dáàbò bo Àmúdà náà. Àmúdà kò lè ṣe àmín. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá kò ka ìṣísẹ̀ mọ́.

Òjò oṣù kẹfà rọ̀, omi òkun sì ń wọ inú irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára àwọn búlọ́ọ̀kù náà. Ní ìparí oṣù keje, ìgbì dìde fún ọjọ́ méjì gbáko. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọ́. Nínú àwọn tí wọ́n ti tò ṣáájú, kò sí ọ̀kan tí ó mì. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn yẹn dúró, ojú àlàfo yẹn nìkan ni gbogbo omi rí gbà, ohun tí òkun ì bá sì fi ọdún mẹ́ta jẹ, ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ méjì. Igi àgbọn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Yàrá méjì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí omi fà, Àmúdà sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Àfọ́kù kan dojú sókè, ọjọ́ kẹrin oṣù Èbìbí sì hàn kedere lórí rẹ̀. Yàkúbù dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo ti kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ pé agbára òkun ni," ni Yàkúbù wí.

"Kì í ṣe òkun."

"Mo mọ̀. Mo lè ka ọjọ́. Mo kà á ní Jímọ̀ yẹn."

Àdúgbò Alájò nínú Accra ni Àmúdà kó ìyá rẹ̀ lọ, sí yàrá kan tí a kò ti lè gbọ́ ìró òkun. Kò da kọnkéré mọ́. Ọpọlọ arúgbó náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, àràárọ̀ ni ó sì máa ń béèrè pé, "Àmúdà, ìṣísẹ̀ mélòó ni ó kù?"

Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń sọ fún un pé kò ku nǹkan kan, ìyá a sì sunkún bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ó yá, ó sú u.

"Mẹ́fà ni, Màámi."

"Ṣé o kà á dáadáa?"

"Mo kà á dáadáa."