Ọ̀sán Tí Mo Dáhùn Òo ní Bùtíìkì Masúdì

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: mo máa ń purọ́. Gbogbo àdúgbò Houinmè ló mọ̀. Nígbà tí mo ń wa tasíì láti ẹnubodè Kraké sí Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, mo sọ fún wọn pé ẹja àrọ̀ kan wọ ọkọ̀ mi, tó sì ń bá mi jà pé owó ọkọ̀ wọ́n jù. Irọ́ nìyẹn.

Èyí kì í ṣe irọ́. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀kan tó ń ríran dáadáa àti èkejì tó ń ríran bó bá wù ú. Ẹ súnmọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí n pariwo. Mi ò fẹ́ kí ìyá ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ́.

Masúdì ló ni bùtíìkì fọ́tókópì tó fara ti ilé mi. Nàgó bíi tèmi ni, Yorùbá apá ibí, ọmọ jẹ́jẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó pọ̀, tó wá fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Línúùsì sí i nínú. Èmi fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Èmi àti tíṣà jọ gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Síbẹ̀, ó là á yé mi.

“Bàbá,” ó ní, “àwọn kan ń gbé ilé wọn fún ọdún mélòó kan, wọ́n á wá kó jáde lọ sí òmíràn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bíríkì kan lónìí, bíríkì kan lọ́la. Ilé kan náà ni, kì í parí, a kì í sì í kó jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á tì, yóò wó lé yín lórí.”

Kò sí àárọ̀ tí kì í fi bíríkì kan lé e. Mìsàjúù ló ń pè é, ìyẹn ni pé ó ń sọ ètò náà di tuntun. Èmi á jókòó tì í, lẹ́tà funfun á máa ṣàn lójú dígí dúdú bí òjò, Múìnà á sì wà lórí itan bàbá rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Masúdì bí nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti rí ìfẹ́ bàbá sí ọmọ, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí pọ̀. Bí ọmọ bá sín, òun ni yóò nu imú ara rẹ̀.

Ikú mú Masúdì lọ. Ibà ni wọ́n pè é. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Nínú ìkánjú yẹn, kò sí àgbà kankan tó dúró ti òkú kó wí pé, “Masúdì, fi ọmọ sílẹ̀ fún wa o.” Àwọn bàbá wa máa ń sọ ọ́ bí òkú bá fẹ́ràn ọmọ kọjá ààlà. Ó wá sí mi lẹ́nu. Mo wo ojú imáàmù, mo gbé e mì.

Ìyá Múìnà ṣe opó. Wọ́n ti bùtíìkì, wọ́n fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà lójú. Ilé tó ń gba bíríkì lójoojúmọ́ wá dá dúró lásán.

Ìgbà tó jáde lópó, ó ṣílẹ̀kùn, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tàn, àmọ́ ojúewé ìjọba tí àwọn èèyàn fi ń béèrè ìwé ìbí kò ṣí mọ́. Ojúewé náà ní ohun tí a fi ń wo òun ti gbó jù. Oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde, fọ́tókópì lásán ò sì lè bọ́ ìyá àti ọmọ.

Ó wò mí. “Bàbá, ṣebí ẹ máa ń jókòó ti bàbá Múìnà nígbà tó bá ń ṣe é?”

“Mo máa ń jókòó ti imáàmù náà. Ṣé ìyẹn ti sọ mí di imáàmù?”

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Mo fa àga, mo jókòó.

Ẹ̀rọ ò gbà rárá. Ó ní òun kò mọ ọwọ́ tó fọwọ́ sí ẹrù tuntun tó ń bọ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pe Bẹnuá, ọmọ Gùn kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tokpota, òun àti olóògbé jọ kọ́ṣẹ́.

“Kọ́kọ́rọ́ tó wà níbẹ̀ ti kú, Papa,” ó wí lórí fóònù. “Ẹ ti pa á tì pẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, kí ẹrù yòókù tó lè wọlé.”

Ó ń pe lẹ́tà fún mi, èmi ń fi ìka kan wá a bí ẹni ń wá eéṣú nínú koríko. Kọ́kọ́rọ́ tuntun wọlé. Ẹrù wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹrù oṣù gbogbo, bí ọkọ̀ tí aṣọ́bodè dá dúró tí wọ́n wá ṣí ọ̀nà fún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó parí, mo pa á, mo tún tàn án. Dúdú! Àwòrán tó máa ń jáde kò jáde. Lẹ́tà funfun nìkan ló dúró níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú sí mi.

“Ẹ má sá, Papa,” Bẹnuá ní. Ó tún pe ọ̀rọ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. “Ó ku díẹ̀. Ohunkóhun tó bá béèrè lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ ṣáà tẹ O. O ni oui. Ebi ń pa mí, mò ń lọ jẹun.” Ó gé fóònù.

Ìyá Múìnà ti lọ ra bébà. Múìnà ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìgboro dákẹ́, gbogbo oníbùtíìkì ti lọ sinmi, àwọn sẹ́mìjàn ti gbé alùpùpù wọn sábẹ́ igi. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá yín sọ fún yín nípa ọ̀sán gangan. Ẹni tí ó bá rò pé òru nìkan ni àwọn ará ọ̀run ń rìn kò tíì dàgbà.

Ẹ̀rọ béèrè, mo tẹ O. Ó tún béèrè, mo tún tẹ O. Mi ò kà á mọ́. Ta ló ń ka ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀?

Ẹnì kan kí mi láti ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Òo,” mo dáhùn.

Ẹnu mi wí i, ìka mi tẹ̀ ẹ́, nígbà kan náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: lẹ́tà tí Faransé fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ẹ̀rọ, òun náà ni àwa fi ń jẹ́ ìkíni.

Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Oòrùn nìkan ló wà lórí iyanrìn, ó sì funfun bí eyín.

Ìgbà yẹn ni ohùn náà tó yé mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fa “Bàbá” gùn báyẹn, bí ẹni ń na rọ́bà. Ẹni náà wà ní itẹ́ òkú.

Mo yíjú padà sójú ẹ̀rọ, mo wá kà á. *1 orphelin. Supprimer ?* O tí mo tẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi ìwé mi ṣẹ̀sín. Mo mọ ohun tí *supprimer* jẹ́: kí a mú nǹkan kúrò, kó má sí mọ́. *Orphelin* náà, mo mọ̀ ọ́n, torí òun ni wọ́n kọ síwájú orúkọ Múìnà nílé-ìwé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ọmọ òrukàn kan wà níbí. Ṣé ká mú un kúrò?

Èmi sì ti ní òo.

Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú dígí, díẹ̀díẹ̀, bí ejò tó ń jáde nínú ihò. Orúkọ kan wà níwájú rẹ̀. Mi ò ní pe orúkọ náà níbí.

Kọ́tìnì mì. Múìnà jáde. Ó la ojú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń wò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀yin ará, ọwọ́ ọ̀tún ga sókè, bí ọwọ́ ọmọ tí àgbàlagbà ń mú rìn.

Irun àyà mi dìde, èyí tí mo rò pé ó ti já dànù tipẹ́.

“Múìnà,” mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “níbo lò ń lọ?”

“Bàbá mi ní ká máa lọ.”

“Bàbá rẹ wo?”

Ó gbójú sókè sí òfìfo tó wà lórí ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni ń gba àṣẹ. Ó tún yíjú sí mi. “Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ó forí lé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó jáde sí ọ̀nà ọ̀sà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ìlà náà gùn. Ó gbé òmíràn, ó tún gùn.

Mo fò mọ́ ọn, mo di ọwọ́ òsì mú. Ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń ta omi dídì. Mo fà á. Ẹ gbọ́, èmi tí mo ń dá nìkan gbé táyà ọkọ̀ nígbà ayé mi, èmi ni wọ́n ń wọ́ lórí símẹ́ǹtì! Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa àwọ̀n tí ọ̀sà ti pinnu pé òun kò ní fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì níwájú imáàmù wá jáde.

“Masúdì. Mo bẹ̀ ọ́. Fi ọmọ sílẹ̀ fún wa.”

Ohun tó ń fà á dúró. Fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó ti gbọ́. Ohùn náà wá dún létí mi, kò bínú, ó tilẹ̀ pọ́n mi lé.

“Ẹ ti gbà, Bàbá. Ẹ ti ní òo.”

Ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó ti fẹ́ kan etí dígí.

Masúdì ti kìlọ̀ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé ẹni tó bá pa iná nígbà tí ẹrù ń wọlé tàbí tó ń jáde, ó lè pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ yẹn ni oúnjẹ wọn, òun ni owó ilé, òun ni ilé-ìwé ọmọ. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ta ni bí kò bá sí ọmọ?

Mo fi ọwọ́ Múìnà sílẹ̀. Ó nira ju fífà lọ. Mo fò sábẹ́ tábìlì, mo fa wáyà ẹ̀rọ tu kúrò lára ògiri.

Ẹ̀rọ kú fín-ín. Mo gbọ́ tí nǹkan jábọ́ lẹ́yìn mi. Múìnà ló fìdí jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, ó ń sunkún bí gbogbo ọmọ ṣe ń sunkún.

“Ta ló já ọwọ́ mi sílẹ̀?” ó ń wí. “Ta ló já ọwọ́ mi sílẹ̀?”

Ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú bébà lórí. “Bàbá, kí lẹ ń wá lábẹ́ tábìlì?”

“Bọ́tìnnì mi ló já,” mo ní. Kò sí bọ́tìnnì kankan lára dàńṣíkí mi.

Ìgbà tí Bẹnuá jẹun tán tó wá, ó tan ẹ̀rọ. Ó tàn! Àwòrán jáde, ojúewé ìwé ìbí ṣí. Ìyá Múìnà dúpẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo fa Bẹnuá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní ohun tí orphelin jẹ́ nínú ẹ̀rọ.

“Kò le, Papa. Ẹrù kan ni, tó tẹ̀lé ẹrù mìíràn wọlé. Èyí tó tẹ̀lé ti lọ. Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́.”

“Ta ló sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ó tún yíjú sẹ́rọ. “Ohun kan ló kù. Ẹ pa iná mọ́ ọn lórí, ó fi àgádágodo sílẹ̀. Kò lè gba mìsàjúù mọ́ títí a ó fi yọ ọ́. Nǹkan kékeré ni, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́.”

“Bí o bá yọ ọ́, ṣé yóò tún béèrè ọ̀rọ̀ orphelin yẹn?”

“Á béèrè. Ṣebí ó ṣì wà níbẹ̀.”

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó bínú, ó lọ.

Àgádágodo náà ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ilé tí kò gba bíríkì ń sán. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń kọ̀ nígbà mìíràn. Ojúewé tó ṣí ti tún ń lọ́ra. Ìyá Múìnà ti ń pe Bẹnuá lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tó ní kó wá yọ “ohun tí Bàbá ní ká má fọwọ́ kàn.” Mi ò lè dá a lẹ́bi. Kí ni n ó sọ fún un? Pé ọkọ tí òun ṣì ń sunkún nítorí rẹ̀ lálaalẹ́ wá fẹ́ mú ọmọ tó kù fún un lọ? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ bá mi wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́.

Ní báyìí, bí Múìnà bá sun oorun ọ̀sán, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a dìde fúnra rẹ̀, ìka rẹ̀ a ká mọ́ nǹkan. Èmi á jókòó sí apá òsì, màá di ọwọ́ kejì mú títí yóò fi jí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní iṣẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wa láti ìta. Ẹ wọlé kí a kọ́kọ́ rí ojú yín. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń kí, tí ẹ ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan, ẹ má pè wá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. A gbọ́ yín. A ò ní dáhùn ni.